Orí Kẹfà: Ẹ̀bi Ìṣẹ́jú-àáyá Kan

Ní ọjọ́ 15 oṣù Karùn-ún ọdún 2016, ní pápá ìdíje Barcelona-Catalunya ní orílẹ̀-èdè Spéìn, ọkọ̀ Mercedes méjì ló wà níwájú nígbà tí iná ìbẹ̀rẹ̀ eré Formula 1 kú. Lewis Hamilton ló wà nípò kìíní, Nico Rosberg ló tẹ̀lé e. Ní kọ́nà àkọ́kọ́, Rosberg gba ẹ̀gbẹ́ ìta, ó yọ Hamilton sílẹ̀, ó bọ́ síwájú. Wọ́n gba kọ́nà kejì, wọ́n gba ẹ̀kẹta. Bí wọ́n ṣe ń jáde níbẹ̀ ni iná pupa kan bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú ní ìdí ọkọ̀ Rosberg. Ẹni tó bá mọ eré yìí mọ ohun tí iná yẹn ń sọ: ọkọ̀ náà ń kó agbára pamọ́ sínú bátìrì dípò kó máa ná an. Ohun tí awakọ̀ fi ń yan agbára ẹ́ńjìnnì lórí sítíárín ló wà níbi tí kò yẹ kó wà nígbà tí eré ti bẹ̀rẹ̀. Rosberg fura, ó sì ń wá bó ṣe máa tún un ṣe. Hamilton rí i pé ọkọ̀ iwájú ń rẹ̀, ó rí àyè lọ́wọ́ ọ̀tún, ó kọrí síbẹ̀. Àkókò yẹn gan-an ni Rosberg náà yà sọ́tùn-ún láti dí ọ̀nà mọ́ ọn.

Hamilton bọ́ sórí koríko. Táyà tó dán bọ̀rọ́bọ̀rọ́ ò ní ohun tó máa fi di koríko mú, bíréèkì ò sì wúlò níbẹ̀. Ọkọ̀ náà pòyì, ó gbá Rosberg, àwọn méjèèjì sì jọ rọ́ lọ sínú òkúta wẹ́wẹ́ létí kọ́nà kẹrin. Ìyípo 66 ni eré ọjọ́ náà. Ẹyọ kan ṣoṣo wọn ò yí i tán. Max Verstappen, ọmọ ọdún 18 tó ń wa ọkọ̀ fún ẹgbẹ́ Red Bull fún ìgbà àkọ́kọ́, ló gbégbá orókè lọ́jọ́ náà, kò sì tíì sí ẹni tó kéré tó bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ orí tó gba ipò kìíní nínú Formula 1.

Kí eruku tó rọlẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ta ló jẹ̀bi ti gbòde. Niki Lauda, àgbà nínú ẹgbẹ́ Mercedes, tóun fúnra rẹ̀ ti gba ife-ẹ̀yẹ àgbáyé lẹ́ẹ̀mẹta nígbà tó ń wa ọkọ̀, ní ìwàǹwára Hamilton ló pọ̀jù. Toto Wolff tó jẹ́ ọ̀gá ẹgbẹ́ ní òun ò ní dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Àwọn adájọ́ ìdíje pe awakọ̀ méjèèjì, wọ́n wo fídíò, wọ́n yẹ àkọsílẹ̀ tí kọ̀ǹpútà inú ọkọ̀ ṣe wò. Wọ́n ní Rosberg lẹ́tọ̀ọ́ láti yà sọ́tùn-ún dáàbò bo ipò rẹ̀. Wọ́n ní Hamilton náà ti ti imú ọkọ̀ rẹ̀ bọ ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ Rosberg díẹ̀ kó tó di pé ó bọ́ sórí koríko, ìyẹn sì lè mú un gbà pé àyè tọ́ sí òun. Ẹ̀bi náà ò wá sí ọrùn ẹnì kan ju ẹnì kejì lọ. Kò sí ìjìyà.

Ọ̀pọ̀ òǹwòran pe ìdájọ́ yìí ní ìdájọ́ ojo. Èmi gbà pé ó wà lára àwọn ìdájọ́ tó mọ́gbọ́n dání jù nínú ìtàn eré yìí, ìdí rẹ̀ sì wà nínú iye kan tí àwọn adájọ́ náà kọ sínú ìwé wọn: kìlómítà 17 ní wákàtí kan. Ìyẹn ni eré tí Hamilton fi ń ju Rosberg lọ bí wọ́n ṣe ń súnmọ́ kọ́nà kẹrin.

Lẹ́nu, kìlómítà 17 ò tó nǹkan. Ọmọ iléèwé tó ń gun kẹ̀kẹ́ lè sá tó bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ ká wò ó bí ẹni tó wà nínú ọkọ̀ ṣe máa rí i. Kìlómítà 17 ní wákàtí kan jẹ́ nǹkan bíi mítà 4.7 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ọkọ̀ Formula 1 kan fi díẹ̀ ju mítà 5 lọ ní gígùn. Ìyẹn ni pé láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan péré, ẹni tó wà lẹ́yìn yín á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ẹ̀gbẹ́ yín. Kí ojú ènìyàn tó rí nǹkan, kí ọpọlọ tó gbà á, kí ọwọ́ tó gbéra, ó kéré tán ìdá márùn-ún sí ìdá mẹ́rin ìṣẹ́jú-àáyá á ti lọ, ìyẹn náà sì jẹ́ fún ẹni tó ti ń retí ohun náà tẹ́lẹ̀. Ọkọ̀ tó bá ń sá ní kìlómítà 240 á ti rin nǹkan bíi mítà 17 láàárín ìdá mẹ́rin yẹn. Bẹ́ẹ bá to ọkọ̀ mẹ́ta tẹ̀lé ara wọn, kò tó o.

Nígbà tí ọwọ́ Rosberg yí sítíárín, ibi tí dígí ti fi Hamilton hàn án kọ́ ni Hamilton wà mọ́. Nígbà tí ọkọ̀ Hamilton yà, àyè tó rí kò sí níbẹ̀ mọ́. Kò sí ẹni tó purọ́ nínú wọn. Ohun tí kálukú rí jẹ́ òótọ́, àmọ́ òótọ́ tó ti kọjá ni.

Àwa tá a jókòó sílé ńkọ́? Àwa ò ní dígí kékeré kan. A ní fídíò tí wọ́n fà gùn, tí wọ́n sì ń tún gbé jáde. Ní ọdún 2016 yẹn kan náà, Eugene Caruso àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì gbé ìwádìí kan jáde ní Amẹ́ríkà tó yẹ kí gbogbo adájọ́ eré ìdárayá mọ̀ sórí. Wọ́n fi fídíò ọlọ́ṣà kan tó yìnbọn nínú ṣọ́ọ̀bù han àwọn kan, wọ́n tún lo fídíò bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà níbi tí ẹnì kan ti gbá ẹlòmíì lọ́nà tí kò bófin mu. Àwọn kan wò ó bó ṣe ṣẹlẹ̀, àwọn kan wò ó nígbà tí wọ́n dín eré fídíò náà kù. Ohun kan náà ni gbogbo wọn rí, síbẹ̀ àwọn tó wo èyí tó ń fà ló gbà jù pé ẹni náà mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro. Bí fídíò bá ń fà, ó máa ń dà bíi pé ẹni inú rẹ̀ rí àyè ronú, pé ó rò ó, ó tún un rò, kó tó ṣe é. Wọ́n tiẹ̀ sọ fún àwọn òǹwòran bí àkókò náà ṣe kúrú tó ní ti gidi. Ó dín àṣìṣe náà kù, kò mú un kúrò.

Ọ̀rọ̀ tún wà lórí ohun tá a ti mọ̀ kí á tó bẹ̀rẹ̀ sí í wò. Ní 1975, Baruch Fischhoff ní kí àwọn ènìyàn ka ìtàn ogun kan tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì bá àwọn Gurkha jà ní Éṣíà ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ó sọ fún àwọn kan pé àwọn Gẹ̀ẹ́sì ló ṣẹ́gun, ó sọ fún àwọn mìíràn pé àwọn Gurkha ni, ó wá ní kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ inú ìtàn nìkan díwọ̀n ohun tó lè ṣẹlẹ̀. Ìparí tí wọ́n ti sọ fún kálukú ló ń rí bí ohun tó hàn gbangba láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ti rí ọkọ̀ méjì nínú òkúta wẹ́wẹ́ kò lè wo kọ́nà kẹta mọ́ bí ẹni tí kò mọ ohun tó ń bọ̀.

Àwọn awakọ̀ fúnra wọn kò sì lè ràn wá lọ́wọ́. Wọ́n ní agbẹ́jọ́ ẹnì kan dá, àgbà òṣìkà. A gbọ́, àmọ́ nínú irú ọ̀rọ̀ yìí, ẹjọ́ ẹni méjèèjì pàápàá kì í ṣírò pé. Michael Ross àti Fiore Sicoly bi àwọn tọkọtaya ní Kánádà, nínú ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1979, pé ìdá mélòó nínú iṣẹ́ ilé kọ̀ọ̀kan ló jẹ́ tiwọn. Nígbà tí wọ́n ro tọkọ mọ́ tìyàwó, ó sábà máa ń ju odindi lọ. Kì í ṣe iṣẹ́ rere nìkan o: wọ́n tún bi wọ́n ta ló ń dá ìjà sílẹ̀, kálukú níbẹ̀ náà bu tirẹ̀ pọ̀jù. Torí náà ìgbéraga nìkan kọ́ ló wà nídìí rẹ̀. Ohun tí ọwọ́ ẹni ṣe ló rọrùn jù láti rántí. Awakọ̀ kan rántí bọ́tìnnì àti dígí, ìkejì rántí àyè àti koríko, ìtàn méjì ló sì máa dé iwájú adájọ́.

Ẹ jẹ́ ká fi ẹjọ́ sílẹ̀ díẹ̀ ká wá ka owó, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí ti yàtọ̀ sí jàǹbá mìíràn.

Àmì 25 ni ẹni tó bá ṣe ipò kìíní ń gbà, ẹnì kejì ń gba 18. Mercedes wá sí Barcelona lẹ́yìn tí wọ́n ti gba gbogbo eré mẹ́rin àkọ́kọ́ ọdún náà, wọ́n sì wà nípò kìíní àti ìkejì nígbà tí eré bẹ̀rẹ̀. Àmì 43 ló ṣeé ṣe kó wọlé. Òdo ló wọlé. Wọ́n máa ń ro àmì awakọ̀ méjèèjì pọ̀ fún ife-ẹ̀yẹ ti ẹgbẹ́, ipò tí ẹgbẹ́ bá sì parí sí ló ń sọ iye owó tí wọ́n máa rí gbà nínú owó tí wọ́n ń pín. Ẹgbẹ́ ńlá lè fara da òdo ọjọ́ kan. Fún ẹgbẹ́ tó wà láàárín, ipò kan ṣoṣo lè jẹ́ ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù dọ́là. Ẹgbẹ́ Force India kọ́ ọgbọ́n yìí lọ́dún 2017: lẹ́yìn tí Sergio Pérez àti Esteban Ocon ti kọlu ara wọn ní Baku, tí wọ́n tún ṣe é lẹ́ẹ̀mejì nínú eré kan ní Bẹ́ljíọ̀mù, àwọn ọ̀gá ní ó tó gẹ́ẹ́, wọ́n gba òmìnira ìdíje lọ́wọ́ àwọn méjèèjì.

Lẹ́yìn àmì ni irin, bó tilẹ̀ jẹ́ pé irin kọ́ ni púpọ̀ nínú rẹ̀. Okùn kábọ́ọ̀nù tí wọ́n fi ń ṣe ọkọ̀ yìí fúyẹ́, ó sì le, àmọ́ ọ̀nà kan ni wọ́n ń ṣe é láti le sí. Àwọn apá tẹ́ẹ́rẹ́ tó so táyà mọ́ ara ọkọ̀ lè gbé ẹrù tó pọ̀ bí ẹrù náà bá ń tì tàbí tó ń fà wọ́n ní òró; bí nǹkan bá gbá wọn láti ẹ̀gbẹ́, wọ́n á dá bí igi gbígbẹ. Ní pápá Interlagos ní Bràsíl lọ́dún 2019, Sebastian Vettel àti Charles Leclerc, àwọn méjèèjì nínú Ferrari, rọra fara kan ara wọn lójú ọ̀nà tó gùn gbọọrọ. Bẹ́ẹ bá wo fídíò rẹ̀, ẹ ó ní kí ló dé tí ẹnikẹ́ni fi pariwo. Apá táyà iwájú Leclerc dá, táyà ẹ̀yìn Vettel fọ́, àwọn méjèèjì sì di ẹrù tí wọ́n ń wọ́ lọ. Láti 2021, òfin ti fi gbèdéke sí owó tí ẹgbẹ́ kan lè ná lọ́dún, mílíọ̀nù 145 dọ́là ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, owó àtúnṣe jàǹbá sì wà nínú rẹ̀. Lọ́dún yẹn, Christian Horner, ọ̀gá Red Bull, ní jàǹbá kan ṣoṣo tí Verstappen ní ní Silverstone gbé mílíọ̀nù 1.8 dọ́là lọ. Àjèjì ló gbá Verstappen lọ́jọ́ náà. Ẹgbẹ́ tí ọmọ rẹ̀ méjì bá gbá ara wọn á tún ọkọ̀ méjì ṣe nínú àpò kan ṣoṣo. Owó tí wọn ò bá sì fi tún ọkọ̀ ṣe ni wọ́n ì bá fi mú un yá sí i.

Àwọn tó san jù kì í wà nínú fídíò. Àwọn mẹ́káníìkì tó ń tú ọkọ̀ palẹ̀ tí wọ́n tún ń tò ó lóru ni, àti àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ tó ti fi oṣù mélòó kan gbẹ́ ohun tó fọ́ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Nígbà tí Daniel Ricciardo, tóun náà wà nínú Red Bull, forí sọ ìdí ọkọ̀ Verstappen ní Baku lọ́dún 2018, tí àwọn méjèèjì bọ́ sílẹ̀, àwọn adájọ́ bá ẹni méjèèjì wí. Ọ̀gá wọn ní kí wọ́n lọ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ gbogbo òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ wọn ní ìlú Milton Keynes. Mo fẹ́ràn ìyẹn ju owó ìtanràn lọ.

Kí ló wá dé tí ọmọ ẹgbẹ́ kan náà fi ń ṣe irú èyí síra wọn? Torí pé orogún ni wọ́n, wọn kì í ṣe ọmọ ìyá. Ilé kan náà, ọkọ kan náà, ìkòkò kan náà. Kálukú sì mọ̀ pé ẹni tí wọ́n máa kọ́kọ́ fi òun wé ni ẹni tó wà ní yàrá kejì. Bí ẹlòmíì bá fi ọkọ̀ tó dára ju tiyín lọ ṣáájú yín, ẹ lè dẹ́bi fún ọkọ̀. Ẹni tó ń wa irú ọkọ̀ tí ẹ̀ ń wà kò fi àwáwí kankan sílẹ̀ fún yín. Ẹgbẹ́ fẹ́ ife-ẹ̀yẹ kan, awakọ̀ kọ̀ọ̀kan fẹ́ òmíràn, ẹgbẹ́ kan náà ló sì gba àwọn méjèèjì síṣẹ́, tó fún wọn ní ọkọ̀ tó bá ara mu, tó wá yà á lẹ́nu pé wọ́n ń pàdé níbì kan náà lójú ọ̀nà.

Ẹ wo Túrkì, ọjọ́ 30 oṣù Karùn-ún ọdún 2010. Mark Webber ló ṣáájú, Vettel tẹ̀lé e, Red Bull ni àwọn méjèèjì. McLaren méjì wà lẹ́yìn wọn. Ní ìyípo 40, Vettel yọ sí ẹ̀gbẹ́ Webber, ó yà sọ́tùn-ún kó tó kọjá rẹ̀ tán, wọ́n kọlu ara wọn. Vettel bọ́ sílẹ̀, ó ń fi ìka yípo létí orí rẹ̀ kí gbogbo ayé lè mọ ẹni tí orí rẹ̀ dàrú. Webber ṣe ipò kẹta. Helmut Marko, olùdámọ̀ràn ẹgbẹ́, kọ́kọ́ na ìka sí Webber. Ọ̀pọ̀ tó rí fídíò ní ọwọ́ Vettel ló yà. Ohun tí ìka kankan kò nà sí ni epo. Webber ti dín agbára ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kù kí epo lè tó o dé ìparí, Vettel tó ti ṣọ́ epo ná lẹ́yìn rẹ̀ ṣì ní agbára kíkún fún ìgbà díẹ̀. Ẹ rí i pé Barcelona ni a tún padà sí: ọkọ̀ iwájú ń rẹ̀, ọkọ̀ ẹ̀yìn ń yá, àyè kékeré tí kò ní pẹ́ pa dé. Red Bull ì bá gba àmì 43. 15 ni wọ́n gbà. McLaren tí ì bá gba 27 ló kó 43 lọ.

Ibi tí ìṣirò yìí ti ń kó ìpayà bá mi ni Suzuka, ní Japan, ọjọ́ 22 oṣù Kẹwàá ọdún 1989. Alain Prost àti Ayrton Senna wà nínú McLaren, wọn ò sì bára wọn sọ̀rọ̀ mọ́ láti ìgbà tí àdéhùn kan ti bàjẹ́ láàárín wọn ní Imola lọ́dún náà. Eré méjì ló kù. Àmì 16 ni Prost fi ṣáájú, àmì 9 sì ni ipò kìíní nígbà náà, torí náà Senna gbọ́dọ̀ gba eré méjèèjì. Bí àwọn méjèèjì bá bọ́ sílẹ̀ ní Suzuka, Prost ti gba adé. McLaren ní tiwọn ti gba ife-ẹ̀yẹ ẹgbẹ́ tán. Ẹ gbé e yẹ̀ wò: jàǹbá tó máa gba ohun gbogbo lọ́wọ́ ẹnì kan, tó máa fi adé dé ẹnì kejì lórí, tí kò ní gba ohun tó pọ̀ lọ́wọ́ ẹgbẹ́. Prost ti kéde ṣáájú pé òun ò ní ṣílẹ̀kùn fún Senna mọ́. Ní ìyípo 47, Senna kì imú ọkọ̀ bọ inú àyè, Prost yí sítíárín, wọ́n há mọ́ra wọn. Prost sọ̀ kalẹ̀. Senna ní kí wọ́n ti òun, ó padà sójú ọ̀nà, ó tiẹ̀ ṣe ipò kìíní, àwọn adájọ́ sì lé e kúrò. Alessandro Nannini ni wọ́n fún.

Ṣé Prost mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é? Àwọn ènìyàn ti fi ọdún tó lé ní 30 bára wọn jà lórí ìyẹn, mi ò sì ní dá sí i. Ìṣirò ti wà lórí tábìlì kí wọ́n tó tan ẹ́ńjìnnì. Nígbà tí Rosberg náà wọ Barcelona, àmì 100 ló ní, Hamilton ní 57; jàǹbá tó mú ẹni méjèèjì bọ́ sílẹ̀ kò yí ìyẹn padà rárá. Mi ò sọ pé ẹnikẹ́ni rò ó nínú ọkọ̀ láàárín ìdá mẹ́rin ìṣẹ́jú-àáyá. Ohun tí mò ń sọ ni pé ẹni tí jàǹbá máa dùn jù kì í fi bẹ́ẹ̀ há mọ́ kọ́nà bí ẹni tí kò ní ohun tó pọ̀ láti pàdánù.

Àwọn tó ń ṣèwádìí jàǹbá ọkọ̀ òfurufú ti yanjú ọ̀rọ̀ yìí tipẹ́. Òfin àgbáyé tí wọ́n ń tẹ̀ lé sọ ọ́ ní tààrà pé ìdènà jàǹbá mìíràn nìkan ni ìwádìí wà fún, kì í ṣe láti pín ẹ̀bi. Àjọ NSIB tó ń ṣèwádìí jàǹbá ní Nàìjíríà náà ń ṣiṣẹ́ lórí ìlànà kan náà. Bí awakọ̀ òfurufú bá mọ̀ pé ohun tóun sọ ni wọ́n máa fi dè òun, kò ní sọ ọ́, bọ́tìnnì tó wà níbi tí kò yẹ á sì wà níbẹ̀ de ẹni tó ń bọ̀. Formula 1 kò lè ṣe bẹ́ẹ̀ tán, torí eré ní adájọ́. Ẹgbẹ́ lè ṣe é nínú ilé.

Mercedes ò ṣe é tó lẹ́yìn Barcelona. Ní Ọ́stríà, ọjọ́ 3 oṣù Keje, ìyípo ìkẹyìn, Rosberg ṣáájú pẹ̀lú bíréèkì tó ti ń ṣe ségesège, Hamilton gba ìta, Rosberg kò yí ọkọ̀ títí, wọ́n tún kọlu ara wọn. Hamilton ló gba eré náà. Rosberg wọ́ ọkọ̀ tí ìyẹ́ iwájú rẹ̀ ti ṣẹ́ dé ipò kẹrin, wọ́n sì fi ìṣẹ́jú-àáyá 10 jẹ ẹ́ níyà. Wolff bínú gan-an lọ́tẹ̀ yìí. Wọn ò kọ̀wé ẹ̀bi, òfin ìdíje inú ilé ni wọ́n tún kọ, wọ́n fi ìjìyà tó le sí i ti òfin náà lẹ́yìn, wọ́n sì kìlọ̀ pé bí ó bá tún ṣẹlẹ̀, àwọn lè máa pàṣẹ ẹni tó máa ṣáájú. Lọ́rọ̀ kan, wọ́n mú kí jàǹbá dun ẹni méjèèjì bákan náà. Wọn ò tún kọlu ara wọn mọ́ lọ́dún náà. Rosberg fi àmì 385 gba adé, Hamilton ní 380, ọjọ́ márùn-ún lẹ́yìn náà Rosberg ní òun ò wa ọkọ̀ eré mọ́.

Ní Montreal, oṣù Kẹfà ọdún 2025, Lando Norris àti Oscar Piastri ń du ipò kẹrin nínú McLaren. Ìyípo mẹ́ta ló kù tán. Norris wá àyè lọ́wọ́ òsì níbi tí kò sí àyè, ó forí sọ ìdí ọkọ̀ Piastri, ó lọ lẹ̀ mọ́ ògiri. Kí ọkọ̀ rẹ̀ tó dúró dáadáa ló ti wà lórí rédíò: òun ló jẹ̀bi, kí wọ́n má bínú. Àwọn adájọ́ fún un ní ìṣẹ́jú-àáyá 5. Piastri ṣe ipò kẹrin. Ẹjọ́ náà kò jẹ́ ẹjọ́, ẹgbẹ́ sì kọjú sí iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Àmì 10 tó wà fún ipò karùn-ún ni Norris sọ nù sára ògiri yẹn. Nígbà tí ọdún parí, àmì 2 péré ló fi ju Verstappen lọ tó fi gba adé.